Pèrègún Pupa Inú Oko Sogiri

Kò sí àpá ejò, kò sí ojú ọgbẹ́. Wọ́n kàn bá Sogiri nínú oko kókò rẹ̀ ni, ó dojú bolẹ̀, ara rẹ̀ ti tutù. Lẹ́yìn ìyẹn, kókò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti inú. Nígbà tí ibà tún gbé ọmọ Javoko, ẹ̀gbọ́n Sogiri, dè, gbogbo abúlé ti mọ ẹni tí wọn yóò pè lájẹ̀ẹ́.

Erepa ni, arúgbó opó, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá Javoko. Ayé! Ẹni tí wọ́n bá ti fẹ́ dá lẹ́bi, ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ẹ̀sùn ni. Bí òwìwí bá ti ń ké ní ìdájí, wọ́n á rí i tó ń yọ́ lọ gbin pèrègún pupa sí ojú kan nínú oko náà. Sogiri fà á tu. Kò pẹ́ ló kú.

"Ẹ̀rí wo la tún ń wá?" Barigi, mọ̀lẹ́bí wọn tó ti ìgboro Popondetta dé, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti kó igi ìdáná dání. "Kílẹ̀ tó ṣú, iná á jẹ́ kó jẹ́wọ́."

Wọ́n so ìyá lọ́wọ́, wọ́n wọ́ ọ lọ sí oko. Javoko mú àdá dání. Ọmọ rẹ̀ ló ń rò.

"Ìyá, ta lẹ ń gbin nǹkan yìí fún?"

"Ẹni tí ẹnu mi ò gbọdọ̀ pè ni. Mo ti ní kẹ́ ẹ wá wo ibẹ̀ látọjọ́ yìí, ta ló dá mi lóhùn?"

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀mí àìrí tó ń bọ nìyẹn!" Barigi pariwo.

"Barigi, panu ẹ mọ́ ná!"

Javoko rántí nǹkan kan. Ìyá tó bí i lọ́mọ kò dárúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ títí tó fi kú. Obìnrin wọn kì í pe orúkọ àna. Bàbá ọkọ ìyá rẹ̀ àti Erepa sì ni Sirembo, bàbá àgbà Javoko, tó wọ aṣọ sójà lọ́jọ́ ogun Jàpáànù, tí kò padà wálé mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá sàréè rẹ̀ nínú igbó títí, wọn ò rí i. Ẹnikẹ́ni ò pa ẹlẹ́dẹ̀ ìsìnkú fún un.

"Ẹ gbẹ́ ibẹ̀."

Bọ́tìnì idẹ ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà irin bẹ́líìtì, lẹ́yìn náà egungun itan. Igi bọ́ lọ́wọ́ Barigi.

"Ìyá! Ṣé Sirembo nìyí? Ẹ fẹnu yín sọ ọ́!"

Erepa kò sọ ọ́. Ó ti kẹ̀yìn sí ihò náà, ó tẹ̀ ba, ó forí pamọ́, bí ìyàwó ilé ti ń ṣe nígbà tí bàbá ọkọ bá wọlé.

"Ọkọ mi ló rí i," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ikọ́ pa á kó tó rí yín sọ fún."

"Ṣé bàbá ló wá pa Sogiri?"

"N ò mọ̀, ọmọ mi. Mo ṣáà mọ̀ pé ẹnì kankan ò sunkún un rí."

Ìtìjú mú Javoko. Ó tú okùn ọwọ́ ìyá, ó kúnlẹ̀ létí ihò, ó ké "Sirembo o!" tó fi gba igbó kan. Ó ké e fún ara rẹ̀, ó sì tún un ké fún ìyá tí kò lè pè é. Ìgbà náà ni arúgbó náà tó bú sẹ́kún.