Ewé Àárín Oko

"Rọra máa rò ó, má jẹ́ kó ta sí ọ lójú," ni Ìyá Ọ̀yàyà wí. Ó jókòó sórí korobá kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lẹ́bàá oko tòmátì, báńdéèjì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ so ó kọ́ ọrùn. Ó ti yọ̀ ṣubú lẹ́nu kànga, eegun ọwọ́ sì ṣẹ́.

Ọ̀yàyà ń fi igi ro oògùn nínú garawa. Ẹ̀rín tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ sì bí. Oògùn náà kì í ṣe oògùn ìdán: ìyẹ̀fun búlúù tó wá láti ara bàbà ni, tí wọ́n pò mọ́ ẹfun àti omi. Bí wọ́n bá fín in sára ewé tó sì gbẹ, á bo ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí aṣọ, àrùn kò sì ní ráyè wọlé.

"Níbo la máa ń fín in sí?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Orí ewé àti abẹ́ ewé, màmá."

"Títí dé àárín oko o. Afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ dé ibẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ń sá pamọ́ sí. Òjò sì ti ṣú. Ẹ̀ṣọ́ ni oògùn yìí, kì í ṣe oníṣègùn. Bí àrùn bá ti wọlé, kò lè lé e jáde mọ́."

Ó dìde, ó gba ilé ìwòsàn lọ kí wọ́n lè yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò. Ọ̀yàyà fi aṣọ bo imú, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó rọ oògùn sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín in, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Adúmáadán fi dé, irun rẹ̀ ti dì, ó ń dán.

"Háà! O ṣì wà níbí? Onídìrí ti ń pè ọ́! Bó bá fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ, játijàti orí yìí lo máa gbé ya fọ́tò kíláàsì lọ́la o."

"Gbogbo àárín oko ló ṣẹ́ kù."

"Ta ló máa wọ àárín oko lọ wò ó? Fín ti ẹ̀gbẹ́ dáadáa kó hàn lójú ẹni tó ń kọjá. Àbí ewé máa ń fẹjọ́ sùn ni?"

Ọ̀yàyà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo ọ̀nà. Ó tún fín àwọn ebè ẹ̀gbẹ́ títí wọ́n fi funfun báláú, ó da oògùn tó kù sínú kòtò, ó sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, orí ọ̀nà ló ti wo oko. Ojú rẹ̀ tú ká. "O ṣeun, ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ ti di ọwọ́ mi." Ọ̀rọ̀ náà gún Ọ̀yàyà bí abẹ́rẹ́. Ó ṣì lè sọ òótọ́ nígbà yẹn, kó sì po oògùn mìíràn. Kò sọ ọ́. Lóru ọjọ́ náà ni òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá bọ̀rọ̀.

Igbe ìyá rẹ̀ ló gbọ́ nígbà tí òjò dá. Ewé àárín oko ti dúdú, wọ́n rọ bí ohun tí iná rà. Èso tí kò tíì pọ́n ti ní àpá bíi ti ìpẹtà. Àrùn náà sì ti kọjá ààlà, ó ti wọ ebè Màmá Aránṣọ.

Opó ni Màmá Aránṣọ. Ògiri kan ló là á láàárín òun àti àwọn Ọ̀yàyà nílé, ààlà kan ló là wọ́n láàárín lóko. Láti ìgbà tí ọwọ́ ìyá Ọ̀yàyà ti ṣẹ́, òun ló ń pọn omi fún un láràárọ̀, òun ló ń bá a de bọ́tìnì aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tòmátì tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀ rí yẹn ni!" ni ìyá Ọ̀yàyà ké. "Èmi fín oògùn, gbogbo ayé ló rí i."

"Àbúrò mi, èmi náà fín tèmi. Ebè tó kángun sí tìrẹ ló kọ́kọ́ mú."

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ọmọ mi kò ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ gbé ikú wọ oko mi!"

Ọ̀yàyà dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ó ń wo kòtò tó da oògùn sí.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn wọn láàárọ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ a máa fi ọwọ́ kan bá bọ́tìnì jà. Lódìkejì ògiri, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Nígbà tí Ọ̀yàyà gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Adúmáadán lọ nílé ìwé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Eré ni mo ń ṣe o!" Ọ̀yàyà dáhùn pé, "Mo mọ̀. Ìwọ lo sọ ọ́, èmi ni mo ṣe é."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bó ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀, ó rí Màmá Aránṣọ tó ń fa igi tí tòmátì fara tì tu, títí kan ti ebè tí àrùn kò tíì dé.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo fẹ́ dá ilẹ̀ padà fún onílẹ̀. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́nu kànga pé oko mi ló ń kó àrùn ran tàwọn ẹlòmíràn. Ara mi kò gba ẹjọ́ mọ́, ọmọ mi."

Ọ̀yàyà ju àpò ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Màmá, ẹ má fà á tu mọ́. Èmi ni. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nìkan ni mo fín. Mo da ìyókù sí kòtò, mo lọ dirí."

Igi bọ́ lọ́wọ́ Màmá Aránṣọ. Kò pariwo. "Láàárọ̀, lálẹ́, ò ń kí mi," ni ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "O sì mọ̀?"

"Mo mọ̀, Màmá."

"Lọ pe ìyá rẹ wá."

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó gbé ọwọ́ tó yè sókè bí ẹni fẹ́ gbá a létí, ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ó yíjú sí Màmá Aránṣọ. "Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ẹ̀gbọ́n. Ti aláìṣẹ̀ ni mo gé. Ẹ foríjì mí."

"Mo gbọ́, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Fún mi láyè kí n ṣa àfọ́kù rẹ̀ ná."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àti ọmọ lọ sẹ́nu kànga, Ọ̀yàyà sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe lójú gbogbo èèyàn. Àwọn kan ṣe háà, àwọn kan pòṣé. Lẹ́yìn náà ni ìyá àti ọmọ fa tòmátì oko wọn tu, wọ́n sì dáná sun ún. Kò sí ìkórè lọ́dún yẹn. Bí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣe san, aṣọ àwọn ẹlòmíràn ló ń fọ̀ kí wọ́n lè jẹun.

Ọ̀yàyà tún ri igi Màmá Aránṣọ padà mọ́lẹ̀, ó já gbogbo ewé tó ní àrùn, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun máa bá a fín oògùn sí ebè tó ṣẹ́ kù. Obìnrin náà gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí Ọ̀yàyà bá gbé ẹ̀rọ, àpótí ìjókòó Màmá Aránṣọ ń tẹ̀lé e láti ebè dé ebè. "Abẹ́ ewé yẹn ńkọ́? Padà." Ọ̀yàyà a padà. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ó tọ́ sí òun.

Ó ṣe, ó dé oko láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò rí àpótí, kò rí Màmá Aránṣọ. Ó yà sílé lọ wò ó. Ìyá rẹ̀ ló bá nínú yàrá obìnrin náà, ó ń bá a ká aṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ sì ń ró. Màmá Aránṣọ kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ̀rọ oògùn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbé e, kó o máa lọ. Mo ní aṣọ tí mo fẹ́ rán."

Òun nìkan ló lọ. Omijé bò ó lójú bó ti ń fín ewé kọ̀ọ̀kan, òkè àti ìsàlẹ̀, títí dé ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé láti ojú ọ̀nà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí a ṣe nítorí ojú ayé kì í gbani lọ́jọ́ òjò. Ẹ̀bi tí a bá sì gbé pa mọ́ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Yóò wá aláìṣẹ̀ kan tí yóò gbé e rù. Ẹ tètè sọ òótọ́, kó tó di pé ẹlòmíràn san gbèsè yín.