Bíìnì Tí Kì Í Ṣe Ọ̀fẹ́

"Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ̀yin ọmọ yìí, kó má lọ tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀," ni awakọ̀ náà wí, ó sì rọra sọ bíìnì onírin ńlá tí wọ́n ń da pàǹtí sí kalẹ̀ síwájú ilé olóògbé Ọláníyọnu ní Lásùnwọ̀n, nílùú Ìkòròdú. Gbogbo ojúlé ló yọjú. Bíìnì náà gùn tó yàrá kan, ó sì jìn débi pé ọmọdé tó bá dúró sínú rẹ̀ kò ní í rí ìta.

Fàósátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lẹ́rán. Inú ń bí i. Ẹ ó ní kí ló kan ìbínú nínú kí wọ́n gbé bíìnì wá láti pààrọ̀ òrùlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ìyàwó méjì ni olóògbé fi sílẹ̀ sínú ilé kan ṣoṣo yẹn. Ìyálé àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Oríyọmí, ń gbé apá ọ̀tún. Sìlífátù, ìyàwó kékeré, àti Fàósátù ọmọ tirẹ̀ ń gbé apá òsì. Páànù tó bo gbogbo wọn ti dípẹtà, ọdọọdún ni wọ́n sì jọ ń gbé báàfù gba omi òjò. Wàyí o, Ìbráhìm, ẹ̀gbọ́n Oríyọmí tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́, ti fẹ́ pààrọ̀ òrùlé, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ti máa bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù, apá tiyín náà ń bọ̀," ni Ìbráhìm wí fún Sìlífátù. "Agbára mi ò tíì ká gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni."

"Ọlọ́run á fún ẹ ṣe, ọmọ mi," ni Sìlífátù dáhùn, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́. Alùfáà ilé kéwú kan ló gbé aṣọ funfun àwọn ọmọ tó máa ṣe wòlímọ̀ ìparí Kùránì lọ́jọ́ Àìkú fún un. Alùfáà ní bó bá rán an dáadáa, òun ni yóò máa rán tiwọn lọ́dọọdún. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò tíì rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà.

Sìlífátù lè mú sùúrù. Fàósátù ò lè mú un. Bàbá kan náà ló bí òun àti Oríyọmí, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà. Kí ló dé tí Oríyọmí yóò máa sùn lábẹ́ páànù tuntun, tí òun yóò ṣì máa gbé báàfù sórí bẹ́ẹ̀dì? Ìlara gbà á lọ́kàn débi pé oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Èyí tó tún wá bí i nínú jù ni pé Oríyọmí ni Ìbráhìm ní kó máa ṣọ́ bíìnì náà.

"Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni da nǹkan sí i," ni Ìbráhìm wí kó tó lọ kó àwọn káfíńtà rẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́. "Àgbàlá wa ò gba páànù àtijọ́. Láti orí òrùlé ni wọ́n á ti máa jù ú sínú ẹ̀, kí wọ́n lè ṣí i, kí wọ́n sì kàn án tán lọ́jọ́ kan. Òjò àsìkò yìí ò ṣeé finú tán."

Nígbà tó di ọ̀sán, Oríyọmí lọ sí lẹ́sìnnì. Ìyálé wà ní ìsọ̀ rẹ̀, Sìlífátù sì tẹjú mọ́ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ìyá Tìmílẹ́hìn, aládùúgbò wọn, ń kọjá lọ tòun ti àpò ìdọ̀tí lórí. Ọkọ̀ akólẹ̀ ò tíì dé àdúgbò yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, ìdọ̀tí sì ti fẹ́ lé àwọn èèyàn jáde nílé.

"Fàósátù, ta ló ni bíìnì yìí?"

"Ti àdúgbò ni, mà," ni Fàósátù wí. "Ọ̀fẹ́ ni."

Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ní Ìkòròdú níbí? Kí Oríyọmí tó dé, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Èèpo ẹ̀gẹ́, pámpásì, mátírẹ́ẹ̀sì tó ti gbó, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, gbogbo ẹ̀ ló wọnú bíìnì. Fàósátù ń wò wọ́n lójú fèrèsé, inú rẹ̀ ń dùn. Òun ò ṣáà fọwọ́ kan nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìbráhìm àtàwọn káfíńtà bá bíìnì tó kún dẹ́nu. Àwọn tó háyà á fún un ní ó di ọjọ́ Ajé káwọn tó lè wá dà á nù. Àwọn káfíńtà náà ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ Ajé. Ìbráhìm ní kí wọ́n máa ṣí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ń gbé páànù sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò ó sẹ́bàá ọ̀nà, iṣẹ́ sì falẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí i tán, ojú ọ̀run ti ṣú láti apá Ìpakodò. Tapólì tí wọ́n sáré fà bò ó ò tó.

Ìyálé ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, yàrá òfìfo ni òjò bá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n sílìn kan náà ló gba ọ̀tún dé òsì. Omi gba orí sílìn lọ síbi tó rẹlẹ̀, yàrá Sìlífátù sì ni ibẹ̀. Sílìn ya, omi ìpẹtà pupa dà sórí aṣọ funfun tó ti rán tán, tó tò sórí tábìlì.

Sìlífátù gbé aṣọ kan sókè, ó wò ó, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọ̀la ni wòlímọ̀," ló ń wí ṣáá. "Ọ̀la ni."

Oríyọmí ló kọ́kọ́ sáré wọlé. Ó ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sójú àbàwọ́n, ó ń fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni Ìbráhìm ń bá a wí láti ẹnu ọ̀nà pé àìfetísílẹ̀ rẹ̀ ló fa gbogbo èyí. Omijé ń dà lójú Oríyọmí. Fàósátù ò lè wò ó mọ́.

"Kì í ṣe Oríyọmí, Bọ̀ọ̀dá," ló wí. "Èmi ni mo sọ fún wọn pé ọ̀fẹ́ ni. Inú ló ń bí mi pé ẹ ò ṣe tiwa."

Sìlífátù yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ṣé o rò pé ó máa mọ apá ìyálé yàtọ̀ sí tèmi ni, Fàósátù?"

Àbàwọ́n náà ò ṣí tán. Aṣọ àtijọ́ làwọn ọmọ kéwú wọ̀ ṣe wòlímọ̀, Alùfáà sì gbé iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ fún télọ̀ mìíràn.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn kan náà, Sìlífátù gbé ṣọ́bìrì lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Fàósátù wọnú bíìnì lójú gbogbo àdúgbò, ó ń kó ìdọ̀tí sínú àpò. Nígbà tó ṣe, Oríyọmí so aṣọ mọ́ imú, ó wọ inú rẹ̀ bá a.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o," ló wí. "Mo kàn fẹ́ kó tètè tán, kí wọ́n lè kó páànù tó dí ọ̀nà sínú ẹ̀, kí wọ́n sì kan ilé wa ni."

Wọ́n kàn án tán lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìbráhìm ò sọ fún Sìlífátù mọ́ pé apá tirẹ̀ ń bọ̀, Fàósátù ò sì lẹ́nu láti bi í.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí ire bá kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ ọmọ bàbá yín, ẹ bá a yọ̀, ẹ dúró de tiyín. Ìlara Fàósátù ò gba páànù tuntun lórí Oríyọmí. Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá tó bí i ló gbà.