Àgọ́ Tí Ológbà Dì Pa

Lọ́jọ́ tí Ológbà kọ́kọ́ rí obìnrin náà, lórí ìkúnlẹ̀ ló bá a lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀, tó ń ṣa èyí tó ti jẹrà sínú garawa bí ẹni ń ṣa wúrà.

Àánú ṣe é. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, tó bá jẹ́ ebi ni, èyí tó dáa wà lórí igi.”

Obìnrin náà gbójú sókè. Ó fi ìka méjì ya máńgòrò kan sí méjì, ìdin sì ń ta pọ́ún pọ́ún níbẹ̀. Ó ní, “Kì í ṣe máńgòrò ni mo wá wá. Àwọn wọ̀nyí ni.”

Ìfẹ́ ẹlòmíì a máa bẹ̀rẹ̀ nínú òdòdó. Ti Ológbà, inú ìdin ni.

Iṣẹ́ obìnrin náà ni sínsin agbọ́n. Kì í ṣe èyí tó ń ta ènìyàn o. Eléyìí ò ju kóró ìrẹsì lọ. Yóò wá ẹyin eṣinṣin kàn nínú èso, yóò yé tirẹ̀ sínú rẹ̀, ọmọ agbọ́n á sì jẹ ọmọ eṣinṣin tán látinú. Ọdún mẹ́ta gbáko ni eṣinṣin ti fi ń ba ìkórè Ológbà jẹ́, ni iléeṣẹ́ kan bá rán obìnrin náà wá fún sáà kan péré. Tí agbọ́n bá fìdí múlẹ̀, wọn á kọ́ ilé agbọ́n síbẹ̀, obìnrin náà yóò sì máa gbé ibẹ̀. Tí wọn ò bá fìdí múlẹ̀, kó dẹrù, kó gba ibòmíì lọ.

Ó pa àgọ́ àwọ̀n kan sáàárín ọgbà, wọ́n ń kó máńgòrò jíjẹrà sínú rẹ̀. Ojú àwọ̀n yẹn ló níṣẹ́: ó há fún eṣinṣin, ó gba agbọ́n. Agbọ́n á jáde lọ ṣọdẹ, eṣinṣin á kú sẹ́wọ̀n. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Ológbà, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ni Ológbà ń wò, kò gbọ́ ohun tó ń tibẹ̀ jáde.

Ìyá Ológbà ò rẹ́rìn-ín. “Obìnrin tó ń sin agbọ́n. Tó bá wọlé mi, kí ló máa bí?”

“Màámi, ẹ rọra.”

“Mo rọra. Ìyá Agbọ́n yín ni kó rọra.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí àwọn méjèèjì ti jọ gbé garawa, ọkàn Ológbà kún. “Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?”

Ó gbé orí lé e léjìká. “Tí agbọ́n bá dúró, mo dúró.”

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n da agbọ́n sínú àgọ́, iléeṣẹ́ pè é fún ìpàdé ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀. Ó ní, “Ṣáà bá mi tọ́jú àgọ́ yẹn, ọkàn mi.”

Kò tíì rìn jìnnà tí Ológbà fi rí i: agbọ́n ń yọ lójú àwọ̀n, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Àyà rẹ̀ já. Àwọn ọmọ ìyàwó òun ń sá lọ lójú òun. Ó sáré wọlé, ó gbé ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi ń bo òrùlé tí òjò bá ń jò, ó dì í mọ́ àgọ́ náà, ó sì so okùn mọ́ ọn nígbà mẹ́ta. Ó sinmi. Oòrùn ò sinmi ní tirẹ̀.

Nígbà tí olólùfẹ́ rẹ̀ dé, ọ̀gá iléeṣẹ́ bá a wá láti ka agbọ́n. Obìnrin náà dúró síwájú àgọ́. “Ta ló dì í?”

Ológbà rò pé ìyìn ló ń bọ̀. “Èmi ni. Wọ́n ń sá lọ.”

Kò bínú. Ó jókòó sórí garawa. “Sísá lọ yẹn niṣẹ́ wọn, ọkàn mi.”

Wọ́n tú ọ̀rá. Òkú agbọ́n ló kún ilẹ̀ bí ìyẹ̀pẹ̀. Ológbà di ọ̀gá mú lápá. “Ọ̀gá, èmi ni kí ẹ fìyà jẹ. Òun ò sí níbí.”

“Ìwé yìí ò béèrè ẹni tó ṣe é, àbúrò. Iye agbọ́n ló béèrè.” Ó kọ òdo.

Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ iléeṣẹ́ gbé obìnrin náà lọ. Ológbà gbá ojú fèrèsé mú títí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó sì ní láti fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ pè é sẹ́yìn ilé ìdáná. “Wá wo nǹkan.”

Garawa kan ló wà níbẹ̀, ó kún fún máńgòrò tó já látorí igi, ìyá sì ti fi aṣọ fèrèsé àtijọ́ bò ó. “Mi ò kúkú fẹ́ràn rẹ̀,” ni ìyá wí. “Àmọ́ látìgbà tó ti lọ, mo ṣáà ń ṣe bó ṣe ń ṣe.” Agbọ́n ló kún abẹ́ aṣọ náà, tí ò lóǹkà. Ọmọ àwọn tó ti sá lọ kí Ológbà tó dì í ni.

Ológbà tẹ fóònù. “Olólùfẹ́ mi, agbọ́n dúró.”

Ẹ̀rín kọ́kọ́ wá lódìkejì. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Mo ti fọwọ́ síwèé iṣẹ́ níbí. Ọdún méjì. Wọn ò ní tú mi sílẹ̀.”

“Kí ni kí n wá ṣe?”

“Eṣinṣin mélòó ló wà níbẹ̀?”

“Méjì.”

“Pa àwọn méjì yẹn. Kí o wá ṣí i.”

Ó pa wọ́n, ó ṣí aṣọ. Agbọ́n gbéra. Ọ̀kan bà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká lé e lórí.

“Má dì í,” ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó la ọwọ́ náà padà. Omijé bọ́, kò nù ún, torí kí ọwọ́ náà má baà mi.

“Ṣé wọ́n ti lọ?” ni ohùn inú fóònù béèrè.

“Ó ku ẹyọ kan,” ni Ológbà wí. Ó dúró. “Òun náà ti lọ.”