Qúdrát Kì Í Fúnni Ní Èènì

Ẹ̀yin tó ń ra gàrí ní Ìdógò, ẹ mọ̀ pé kóńgò nìkan kọ́ lẹ máa ń wò. Bí ẹni tó ń tà á bá ti wọ̀n ọ́n kún, ojú yín ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ń retí èènì. Bí kò bá bu ìkúnwọ́ kan lé e, ẹ ò ní í padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ má jiyàn, mo mọ̀ yín.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Mùínátù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nìyẹn. Ó wà nídìí agbada tó ti ń yan gàrí, ló bá ní kí Qúdrát, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bá òun wọn kóńgò mẹ́ta fún oníbàárà. Qúdrát wọ̀n ọ́n. Ó fi igi pẹlẹbẹ gé orí kóńgò kọ̀ọ̀kan títí ó fi tẹ́jú. Nígbà tí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ bu èènì, Qúdrát gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á padà sínú ọpọ́n.

Oníbàárà figbe ta. "Kí ló ń ṣe ọmọ yìí? Ọmọ kékeré yahun tó báyìí?"

"Ẹ má bínú, mà," ni Mùínátù wí. "Ara rẹ̀ ni ò yá."

Ara rẹ̀ yá o. Ótísíìmù ni Qúdrát ní, ìyẹn ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni ọpọlọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ti sọ fún Mùínátù ní ọsibítù. Ọmọ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí aago ilé-ìwé bá sì dún, yóò fọwọ́ bo etí, yóò máa ké, títí àwọn olùkọ́ fi ní kí ó máa gbélé.

Mùínátù ò káwọ́ gbera. Ó ra ìwé kíláàsì kẹta, ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán, pàṣán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Oṣù mẹ́ta, wọn ò kúrò lójú ewé kìíní.

Èyí tó wá burú jù ni ti Nímọ́tà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ń gbé ní Ìlárá. Ó ti gbọ́ nípa ọkùnrin kan lódìkejì bọ́dà tó ń de irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́gi, tó ń fún wọn ní àgbo mu "títí orí wọn yóò fi pé". Ṣàíbù, ọkọ Mùínátù, ti fẹ́ẹ̀ gbà. Ọjọ́ Sátidé ni Nímọ́tà ń bọ̀ wá mú Qúdrát lọ. Mùínátù rántí èyí lójú oníbàárà, ó sì bú sẹ́kún.

Obìnrin kan wà lẹ́yìn tó ń dúró kó kàn án. Lábísí ni orúkọ rẹ̀, ó ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Ìlaró. Ọ̀rọ̀ èènì kò bí òun nínú. Kóńgò ló tẹjú mọ́.

"Ta ló kọ́ ọmọ yín láti gé e báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, mà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo ti nà án, nà án, kò gbọ́."

Lábísí ní kí ó mú ìwé tó fi ń kọ́ ọ wá. Ó ṣí i. "Ìyá Qúdrát, kí ló dé tó fi jẹ́ ti kíláàsì kẹta?"

"Ibẹ̀ làwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wà, mà."

"Ibẹ̀ gan-an lẹ ti ṣì í. Bí àkàbà ni ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe rí. Ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ bá dé lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má wo ọjọ́ orí ẹ̀. Ó lè jẹ́ kíláàsì kìíní ló wà nínú ìwé kíkà, ẹ má tijú. Ṣùgbọ́n wíwọn nǹkan wà nínú ìṣirò tí ìjọba là sílẹ̀. Ohun tí ẹ ń torí ẹ̀ nà án yìí, iṣẹ́ kíláàsì ni."

"Èènì tó ń gbà padà ńkọ́?"

"Ṣé ẹ ti sọ òfin èènì fún un rí?"

Mùínátù mirí pé rárá. Àwa náà, ta ló sọ ọ́ fún wa? A kàn ń wo àwọn àgbà ni. Irú Qúdrát ń fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ síta.

Lábísí ya kóńgò mẹ́ta sórí pépà, ó ya ọwọ́ kan tẹ̀ lé e. "Kóńgò mẹ́ta, ìkúnwọ́ kan." Qúdrát wo pépà náà pẹ́. Ó bu ìkúnwọ́ kan, ó dà á sínú ọ̀rá oníbàárà. "Ìkúnwọ́ kan," ni òun náà wí. Inú Mùínátù dùn débi pé ó gbàgbé gàrí tó ń jó lórí iná.

Láti ọjọ́ kejì ni pàṣán ti kúrò nílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń kàwé, wọn ó sinmi, wọn ó tún bẹ̀rẹ̀, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, pẹ̀lú àwòrán. Ní Ọjọ́bọ̀, Mùínátù lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó béèrè ìlànà ẹ̀kọ́ náà àti bí ọmọ tó ń kàwé nílé ṣe lè ṣe ìdánwò. Ṣàíbù ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń ṣe é lójoojúmọ́.

Ní Sátidé, Nímọ́tà dé. "Ẹrù ọmọ dà?"

Mùínátù kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Qúdrát ò lọ síbì kankan."

"Èmi lò ń dá lóhùn báyẹn?"

"Ẹ má bínú, mà. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti ń sọ ọ́: ẹnikẹ́ni ò ní í de ọmọ mi mọ́gi."

Nímọ́tà kọjú sí àbúrò rẹ̀, ohùn rẹ̀ ga. "Ṣàíbù! Ṣé o gbọ́ ohun tíyàwó ẹ ń sọ?"

Ṣàíbù gbé àga fún un. "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ọmọ ń kàwé."

Ẹ̀yin òbí, ótísíìmù kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú ọmọ wá kí òun dè é, ẹ sá fún un, kí ẹ sì fi tó aláṣẹ létí. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò. Bí ẹ bá ń kọ́ ọ nílé, ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí òye rẹ̀ dé, kí ẹ máa kọ ohun tó bá ti mọ̀ sílẹ̀, kí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ sì mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ilé-ìwé kan bá ní àwọn ò gbà á, ilé-ìwé kan ṣoṣo ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ò gba ẹ̀tọ́ ọmọ yín láti kàwé lọ́wọ́ rẹ̀.