Ìgò Kékeré Láti Bẹ́ljíọ̀mù

Ní ọ̀sán Sátidé kan lọ́dún 2006, Àdìó gbé páálí kan wọ ilé Olúsànyà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní Ìbàfò. Òwò ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni Àdìó ń ṣe, Mówé ni ilé rẹ̀ wà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti Bẹ́ljíọ̀mù dé.

"Kí lo gbé dání yìí?" Olúsànyà bi í. "Ṣé inú ẹ́ńjìnnì lo ti yọ ọ́?"

"Ọtí ni. Àwọn fádà ló pọn ọ́n nínú ilé àdúrà wọn. Ẹ̀yà mẹ́ta, mẹ́ta mẹ́ta."

Olúsànyà mú ìgò kan, ó yí i wò, ó rẹ́rìn-ín. "Àdìó, ìgò yìí ò ju ti mọ́ọ̀tì lọ. O lọ sókè òkun, o ra ọtí ọmọdé bọ̀."

"Tọ́ ọ wò ná."

Ìbíwùnmí, ìyàwó Olúsànyà, ti lọ síbi ìdánrawò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn méjèèjì nìkan ló jókòó sábẹ́ fèrèsé, wọ́n sì ṣí ìgò.

Àkọ́kọ́ pọ́n bí oyin, ó ń ta sánsán bí èèpo ọsàn. Èkejì dùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ẹ̀kẹta dúdú bí àgbo ibà. Olúsànyà di ojú, ó ń fi ahọ́n wá adùn rẹ̀.

"Ṣúgà jíjó," ó wí. "Àbí kọfí?"

"Méjèèjì ni. Ṣó o mọ̀ pé màmá òyìnbó tó tà á fún mi láhun? Ìgò kan ṣoṣo ló ṣí, ó pín in fún èèyàn mẹ́ta. Ó ní bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ wò nìyẹn."

"Ta ló ń ṣe irú ìyẹn fún àlejò? Ìgò tìẹ, ìgò tèmi."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe mu ìgò mẹ́ta tán. Aago mẹ́rin ti lù nígbà tí Ìbíwùnmí wọlé. Àdìó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìrìn. Mò ń lọ sí Àgbàdo, mo fẹ́ lọ kó Màmá wá sí Mówé. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó lórí ẹrù wọn."

Ìbíwùnmí ti mú ìgò òfìfo kan, ó ń kà á. "Bọ̀dá Àdìó, mélòó lẹ mu nínú èyí?"

"Mẹ́ta péré. Ìgò bíà ńlá méjì kì í ṣe mí ní nǹkan kan. Mẹ́ta yìí, tá a bá dà á pọ̀, kò lè kún méjì. Ọtí àwọn fádà sì ni, wọ́n ti gbàdúrà sí i."

"Àdúrà kì í dín agbára ọtí kù."

Ọdún mẹ́sàn-án ni Ìbíwùnmí fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìpọntí kan. Ó fi ìka tọ́ka sí nọ́ḿbà tó ń sọ agbára ọtí lára ìgò náà.

"Bíà tí ẹ mọ̀, márùn-ún ló máa ń wà níbí. Mẹ́wàá ni tèyí. Ìgò kékeré kan ti tó ìgò ńlá kan. Ìgò ńlá mẹ́ta ló wà nínú yín báyìí, ó sì lé díẹ̀."

"Ojú mi mọ́ kedere."

"Bàtà ta lẹ wọ̀?"

Àdìó wo ilẹ̀. Sálúbàtà Ìbíwùnmí ló kì bọ ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo rò pé tèmi ló súnkì ni," ó wí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Jẹ́ kí n po kọfí fún un," ni Olúsànyà wí. "Kó wẹ̀, ara ẹ̀ á balẹ̀."

"Kọfí ò lè ṣe ju kó má jẹ́ kó sùn lọ. Àkókò nìkan ló ń mú ọtí kúrò lára, ọkọ mi."

Ẹ̀rín kúrò lójú Àdìó. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti já Màmá kulẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kíkó yìí. Mi ò lè ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Màá rọra wà á."

"Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi Láwàl sọ náà nìyẹn," Ìbíwùnmí wí jẹ́jẹ́. "Ó mu ọtí, ó ní òun á rọra wà á."

Àdìó wà níbi tí wọ́n ti sin Láwàl. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé Ìbíwùnmí lọ́wọ́.

Ìbíwùnmí pe Àgbàdo lórí fóònù. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Bọ̀dá Àdìó mu ọtí, wọn ò lè wakọ̀ lónìí."

Màmá dáhùn. "O ṣeun tó o sọ ọ́, ìyàwó mi. Ẹrù mi ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ. Ọtí wo ni?"

"Ti àwọn fádà òyìnbó ni, mà."

"Fún un ní fóònù. Àdìó, ṣó dùn?"

"Ó dùn, Màmá. Ẹ máà bínú."

"Sun síbẹ̀. Tó o bá dé lọ́la láìmú ìgò kan dání, máa padà lọ."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Àdìó lọ kó ìyá rẹ̀. Màmá jókòó níwájú ọkọ̀, ó ń bá gbogbo tírélà ojú títì márosẹ̀ wí títí wọ́n fi dé Mówé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá fẹ́ tọ́ ọtí líle wò, nọ́ḿbà tó sọ agbára rẹ̀ lára ìgò ni kí ẹ wò, ẹ má wo bí ìgò ṣe tóbi tó. Ẹ jẹun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa mu omi sí i, kí ẹ sì pín ìgò kan. Ahun kọ́ nìyẹn. Aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án rárá. Ẹni tó bá ti mu ún, ì báà ṣe ìgò kan, kó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tàbí ti ọ̀kadà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní ojú òun mọ́, ẹ rọra gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí inú bá tilẹ̀ bí i, kò ní pẹ́ tí á fi rọ̀.

Ìyá tó ń retí kí ọmọ rẹ̀ dé lè dúró di ọ̀la. Ẹ má jẹ́ kó máa retí ẹni tí kò ní dé mọ́.