Gọ́ọ̀mù Tí Mo Fi Lẹ Bàtà Lenora

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kìíní ni Lenora Dyck ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bàtà wa wọlé, tó so bàtà yìnyín onírin rẹ̀ méjèèjì kọ́rùn. Láti kékeré ni mo ti ń rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, lápá ibi tí àwọn obìnrin ń jókòó sí, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni a kọ́kọ́ bára wa sọ̀rọ̀.

"Kornelius, wò ó." Ó fi àtàǹpàkò fa ìsàlẹ̀ bàtà ọ̀tún, ìsàlẹ̀ náà sì yanu bí ọ̀pọ̀lọ́. "Ọ̀la la máa bá àwọn ará ìlú Winkler gbá họ́kì lórí yìnyín."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó ṣì tutù láti pápá yìnyín.

Bàbá àgbà mi tó fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún mi ti kọ́ mi dáadáa. Kí n gbẹ bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù fún ọjọ́ kan. Gọ́ọ̀mù inú agolo ni kí n fi pa ojú méjèèjì, kí n dúró títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìka mi mọ́, kí n tó pa wọ́n pọ̀, kí n dè é di ọjọ́ kejì. Gọ́ọ̀mù kékeré inú túùbù máa ń yá, ṣùgbọ́n ó máa ń le gan-an. Bí òtútù bá mú un, á sán.

Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé, "Lọ yá bàtà ẹlòmíràn." Ṣùgbọ́n Lenora ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá àgbà rẹ ì bá ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ìwọ ńkọ́, àgbà ọ̀jẹ̀?"

"Jókòó," ni mo wí. "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, á ti parí kí o tó mu kọfí kan tán."

Ó rẹ́rìn-ín. Nítorí ẹ̀rín yẹn ni mo ṣe na ọwọ́ sí túùbù.

Lọ́jọ́ kejì, bí ó ti fẹ́ yí padà lójijì níbi tí ìdárayá ti gbóná, ó ṣubú, ó sì fi èjìká kọlu pákó ẹ̀gbẹ́ pápá. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo tú bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ bàtà náà yanu sí mi, ó sì tún pa dé. Mo fi í sábẹ́ ẹ̀wù òtútù mi kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

"Ẹ wò ó, yìnyín ti là níbí!" ni ẹnìkan kígbe. "Iṣẹ́ Isaak rèé!"

Isaak Dyck ni bàbá Lenora. Ọdún méjìlélógún ló ti ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń da omi sórí pápá náà títí á fi dì, á sì máa dán. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìgbìmọ̀ pápá ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́. Mo dákẹ́.

Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń fún mi ní ọbẹ̀ adìẹ gbé lọ fún aláìsàn náà. Eegun èjìká rẹ̀ ti ṣẹ́, mo sì ń fi ṣíbí bọ́ ọ.

"Olùfẹ́ mi," ni ó sọ fún mi lọ́sẹ̀ kejì, ojú sì tì í díẹ̀. "Ṣé mo lè máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Inú mi dùn, ìtìjú sì bò mí lẹ́ẹ̀kan náà. N kò lè wò ó lójú.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta, Bàbá Dyck pè mí síbi tábìlì. Ó ti rù.

"Ọmọ mi, omi tí mo fi ọwọ́ ara mi dà ló ṣẹ́ ọmọ mi léjìká." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Mo fún un ní hankáṣíìfù mi. "Ọwọ́ yìí kò níláárí mọ́, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ Lenora, mo fi í sí ọ lọ́wọ́. Olúwa bù kún yín."

Àdúrà yẹn jó mi bí iná. Mo sá délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Ó gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi ń gbé ọbẹ̀ fún wọn, ìwọ ń gbé irọ́?"

"Màmá, bí mo bá sọ ọ́, mo ti pàdánù Lenora nìyẹn."

"Ta ló sọ pé o ní in? Padà lọ, kí o mú bàtà náà dání."

Mo gbé e ka orí tábìlì wọn. Bàbá Dyck fi èékánná ha gọ́ọ̀mù náà; ó fọ́ bíi gíláàsì.

"Ta ló lẹ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"O mọ̀ pé kò ní dúró nínú òtútù?"

"Mo mọ̀ kí n tó lẹ̀ ẹ́, sà."

Ó di ojú rẹ̀. Lenora ló dìde.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Èjìká mi á san, Kornelius. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń sunkún níwájú rẹ, o sì ń fún un ní hankáṣíìfù! Jáde."

Mo gbé bàtà náà, mo sì jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo mú un lọ síbi tí àwọn àgbà ti máa ń mu kọfí ní pápá. Mo gbé bàtà náà sókè, mo sì sọ fún wọn bí mo ṣe fi gọ́ọ̀mù túùbù lẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn wí pé, "Aṣebàtà ṣẹ́ èjìká, a ní yìnyín ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìṣẹ́jú-Márùn-ún. Ṣùgbọ́n kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, wọ́n ti dá kọ́kọ́rọ́ àti bàtà ọmọ rẹ̀ padà fún Isaak, olúkúlùkù sì ṣí fìlà fún un.

Oṣù méjì, Lenora kò dá mi lóhùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín orin, n kò gbójú sókè.

Ìparí oṣù Kẹta, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí. Lenora gbé bàtà náà kalẹ̀. Ó ti gbẹ dáadáa.

"Mo ti gbàdúrà sí i," ni ó wí. "Inú ṣì ń bí mi."

"Mo mọ̀."

"Lẹ̀ ẹ́."

Mo ha gọ́ọ̀mù burúkú náà kúrò títí awọ fi hàn. Mo ṣí agolo, mo pa ojú méjèèjì.

"O lè wá gbà á lọ́la," ni mo wí.

"Ṣé mo bi ọ́ pé ìgbà wo ni mo máa gbà á?"

Mo fi ẹ̀yìn ìka kàn án. Òun náà na ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ èjìká tó ti san, ó fi tirẹ̀ kàn án. Ó lẹ̀ mọ́ àwa méjèèjì lọ́wọ́.

"Kò tíì tó," ni mo wí.

Lenora fa àpótí ìjókòó sún mọ́ tèmi, ó sì jókòó.