Ọmọge Tó Ń Ka Ọkọ̀ ní Ọ̀nà Kambolé

Ohun tó pọ́n yòò bí èso ìyeyè ni Bàṣírù kọ́kọ́ rí lábẹ́ igi òrí tó wà létí odò Aláasà. Ó rò pé ẹnì kan sá aṣọ síbẹ̀ ni. Nígbà tí alùpùpù rẹ̀ sún mọ́ ọn, aṣọ náà dìde dúró, ó sì di ọmọbìnrin. Ẹ̀wù aláìlápá tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà máa ń wọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀, híjáàbù funfun yí ojú rẹ̀ ká, pátákó pẹlẹbẹ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, kálàmù wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Iṣu tí Bàṣírù dì sẹ́yìn alùpùpù lé ní ọgọ́rin. Ẹni tó bá di iṣu báyẹn kì í wẹ̀gbẹ́ lórí ìrìn, ṣùgbọ́n ojú Bàṣírù wẹ̀gbẹ́ lọ́jọ́ náà. Táyà iwájú bọ́ sínú kòtò, okùn já, iṣu sì ń yí gbirigbiri lọ sẹ́sẹ̀ ọmọbìnrin náà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó wí, ó sì tẹ̀ ba, ó ń ṣa iṣu.

"Ẹ fi sílẹ̀, Màdáàmù. Yẹ̀pẹ̀ á ba aṣọ yín jẹ́."

"Iṣu ló rán mi níléèwé. Yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ ò lè bà mí jẹ́."

Yorùbá Kambolé gidi ló ti ẹnu rẹ̀ jáde. Bàṣírù wò ó dáadáa. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni Fàdílà, ọmọ Àlàájì Mùhámmádù, tó lọ kàwé ní Lomé?"

"Èmi ni. Mo ti parí. Ingénieure ni mí báyìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọkọ̀ ni mo kọ́. Bureau kan tó ń ṣe ọ̀nà ní Sokodé gbà mí, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi máa dán mi wò. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi nìyí."

Ó gbórí sókè sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí. Ó gbé pátákó rẹ̀. Níbo lẹ ti ń bọ̀? Níbo lẹ ń lọ? Kí lẹ rù? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń gba ibí lọ́sẹ̀? Ṣé tiyín ni alùpùpù náà? Bàṣírù ń dáhùn, ó sì ń wo pátákó náà. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, ẹni tó bá ń béèrè irú nǹkan wọ̀nyí, owó-orí ló máa ń gbà kẹ́yìn. Ó fún un ní iṣu kan kí ó lè fojú fò ó. Fàdílà rẹ́rìn-ín, ó dá iṣu padà.

"Iṣẹ́ ni mo ń ṣe. Ẹ kú ọjà o."

Ọkàn Bàṣírù pín sí méjì títí ó fi dé Tchamba. Apá kan ń ro ẹ̀rín yẹn, apá kejì ń ro pátákó. Pátákó ló borí. Ó gbé fóònù, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn onízémì Kambolé tí wọ́n jọ ń fi alùpùpù gbé ẹrù: "Ẹ gbọ́ o. Ọmọ Àlàájì Mùhámmádù wà lábẹ́ igi òrí, ó ń kọ wá sílẹ̀. Ó lẹ́wà o, n kò purọ́, ṣùgbọ́n impôt, owó-orí, ló ń bọ̀ lẹ́yìn ẹwà yẹn. Ẹ gba ọ̀nà oko."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ àwọn onízémì, ó ti dé etí àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti àwọn obìnrin tó ń ru àgbàdo. Gbogbo Kambolé yà sínú igbó, wọ́n lọ ń gba ìsàlẹ̀ odò níbi tí omi ò ti jìn.

Yàtọ̀ sí àwọn ọlọ́kọ̀ ìlú mìíràn, ẹnì kan ṣoṣo ni kò yà, òun náà sì ni ẹni tó ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta tí Fàdílà fi jókòó, Bàṣírù ń gba iwájú rẹ̀ lọ, ó ń gba ibẹ̀ bọ̀, nígbà mìíràn láìru ohunkóhun.

"Kí lẹ rù lónìí?" Fàdílà bi í lọ́jọ́ kẹta.

"Kò sí."

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Ibí náà ni mo ń bọ̀."

"Kò sí àyè fún ìyẹn lórí ìwé mi."

"Ẹ bá mi wá àyè sí i, Màdáàmù."

Fàdílà dorí kọ ìwé, ó ń ṣe bí ẹni tó ń kọ nǹkan. Èmi tí mo ń sọ ìtàn yìí mọ̀ pé kò kọ nǹkan kan.

Ní Sokodé, ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àlàsàn, ka ìwé náà tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ẹ̀yà Kotokólì ni, ó ti ń la ọ̀nà láti ọgbọ̀n ọdún, kò sì fẹ́ràn àwíjàre.

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta lójúmọ́, pẹ̀lú ọjọ́ ọjà Tchamba nínú rẹ̀? Mademoiselle, igba ó lé àádọ́ta là ń wá lójúmọ́ kí a tó ṣe afárá sórí Aláasà. Ọ̀kan ṣoṣo la ní lọ́dún yìí. Ọ̀nà mìíràn ló máa gbà á."

Fàdílà tún wo iye náà lórí ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Jàríátù, ló ń rọbí lọ́dún kan tí Aláasà kún, wọ́n ń gbé e lọ sí Tchamba. Etí odò ló bímọ sí. Ọmọ náà ò yè. Fàdílà wà ní kíláàsì kejì líísì, ilé ẹ̀kọ́ girama, nígbà náà, láti ọjọ́ yẹn ló sì ti sọ pé òun máa kọ́ iṣẹ́ ọ̀nà. Nísinsìnyí, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ iye tó lé afárá lọ.

Ní Sátidé, Bàṣírù kó iṣu wá sí ọjà ńlá Sokodé. Bó ṣe tà á tán, ó béèrè ọ̀nà títí ó fi dé àdúgbò Kouloundè, níbi tí Fàdílà háyà yàrá sí. Iṣu mẹ́ta tó rẹwà ló fi okùn tuntun dì wá. Iwájú ilé ni Fàdílà ti gbà á lálejò, ìyá onílé ń yan ẹ̀pà nítòsí, etí rẹ̀ sì là sílẹ̀ dáadáa.

Fàdílà sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. "Mi ò mọ ibi tí ìlú wa wọlẹ̀ sí lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn," ó wí.

Bàṣírù gbé iṣu sílẹ̀. Ó lè dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ó fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn òun fúnra rẹ̀ sì jáde: ọmọ Àlàájì, pátákó, impôt, ẹ gba ọ̀nà oko. Nígbà tó dé ibi "ó lẹ́wà o, n kò purọ́," ìyá onílé dáwọ́ ẹ̀pà dúró.

"Èmi ni," Bàṣírù wí. "Wàláì, mi ò mọ̀ pé afárá ni."

"Odindi ìlú." Fàdílà dìde dúró. "Ẹ lé odindi ìlú wọ igbó, ẹ wá ń gba iwájú mi rẹ́rìn-ín. Ẹ gbé iṣu yín."

Ó gbé iṣu rẹ̀. Ọ̀nà Tchamba gùn fún un lọ́jọ́ náà ju bó ṣe máa ń gùn lọ.

Fàdílà sunkún díẹ̀, ó bínú púpọ̀, lẹ́yìn náà ló bi ara rẹ̀ léèrè òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìlú wo ni àlejò máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láìkí baálẹ̀, láìkí Lèmọ́mù? Bó bá jẹ́ Kotokólì tàbí ará Lomé ni wọ́n rán, ilé baálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà. Òun ló rò pé ọmọ ilé kì í kan ilẹ̀kùn.

Ó sọ bẹ́ẹ̀ gan-an fún Ọ̀gbẹ́ni Àlàsàn ní ọjọ́ Ajé. "Iye yẹn kò tọ̀nà, patron. Àwọn ènìyàn sá fún mi, èmi ni mo sì jẹ̀bi, n kò kí ìlú kí n tó jókòó. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i."

Ọkùnrin náà wọ awò ojú rẹ̀ padà. "Ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá tún kéré, n kò ní lè fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ rẹ."

Fàdílà kí baálẹ̀, ó kí Lèmọ́mù. Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú pé kí wọ́n má sá mọ́, Fàdílà sì padà sábẹ́ igi òrí ní Ọjọ́rú. Ọkọ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú rẹ̀ ń dùn. Nígbà tó di ọ̀sán, ó rí alùpùpù kan tí okùn aláwọ̀ ewé wà lẹ́yìn rẹ̀, iṣu tó wà lókè sì ti kán lórí. Ó ti rí iṣu tó kán yìí láàárọ̀. Ó ti rí i lẹ́ẹ̀mejì. Bàṣírù ló wà lórí rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ márùn-ún tẹ̀ lé e, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ bí ẹni ń ṣe eré.

Fàdílà na ọwọ́, wọ́n dúró. Lójú wọn ló ti fa ìlà pa gbogbo àmì tó ti kọ fún wọn, ó ku ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Mò ń bá yín fi kún un ni," Bàṣírù wí, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ka yín. Bí Sokodé bá rí irọ́ kan ṣoṣo nínú ìwé yìí, wọ́n á da gbogbo òótọ́ inú rẹ̀ nù. Mi ò fi ọdún márùn-ún kọ́ bí wọ́n ṣe ń parọ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan fún mi, ẹnu tí ẹ fi lé wọn wọ igbó, ẹ fi pè wọ́n jáde."

Nígbà tó ṣe ìṣirò, igba ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló rí. Kò tó. Ti Ọjọ́bọ̀ náà kò tó. Àwọn kan ṣì wà nínú igbó tí wọn ò gba baálẹ̀ gbọ́ tó bí wọ́n ṣe gba Bàṣírù gbọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàṣírù tọrọ àyè lọ́wọ́ Lèmọ́mù, ó sì dìde láàárín ìlú. Ó máa ń ṣe yàngàn láàárín àwọn onízémì. Lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ ló ń wò.

"Èmi Bàṣírù Àkànjí ni mo ní owó-orí ni Fàdílà ń wá. Mi ò mọ̀ ọ́n, mo kàn sọ ọ́ ni. Afárá Aláasà ló ń wá fún wa. Ẹ má lọ lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀ o, kò gbà á. Ẹ ṣáà máa gba ọ̀nà yín bí ẹ ṣe ń gbà á. Ẹ forí jì mí."

Àlàájì Mùhámmádù jókòó ní sàfù àkọ́kọ́, níwájú pátápátá. Kò yíjú padà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Láti àárọ̀ Sátidé, ọ̀nà kún. Alùpùpù ń bọ̀, kámíyọ̀ ń bọ̀, kẹ̀kẹ́ ń bọ̀, ọwọ́ Fàdílà ò sinmi. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, tó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ tó pín in, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún lójúmọ́ ni. Ó ká ìwé náà mọ́ àyà. Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀.

Bàṣírù dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Níbo lẹ ń lọ?" Fàdílà bi í, kò gbójú sókè.

"Ilé bàbá yín, bẹ́ ẹ bá gbà."

Fàdílà gbé kálàmù sílẹ̀. Ìbínú rẹ̀ ti tán láti ọjọ́ Jímọ̀, òun ló ń fi pamọ́. "Àbẹ̀bí ni wọ́n ń pè mí nílé," ó wí. "Yé pè mí ní Màdáàmù."

Ilé bàbá kò rọrùn. Àlàájì Mùhámmádù jẹ́ kí Bàṣírù kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń dùn ún.

"Ẹ̀ńjìnníà ni ọmọ mi. Òun ni àkọ́kọ́ nínú ìlú yìí, ọkùnrin àti obìnrin. Ìwọ ń kó iṣu. Ìyẹn ò dùn mí, iṣu lèmi náà ń gbìn. Ohun tó ń dùn mí ni ẹnu rẹ. Ẹni tó parọ́ fún ìlú lẹ́ẹ̀kan, báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kò ní parọ́ fún ọmọ mi?"

"Ẹ dán mi wò, Bàbá."

"Nígbà náà, wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna. Kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá. Irinwó ebè, lọ́jọ́ kan."

Oṣù Kejìlá ni, ilẹ̀ ti ń le. Láti ìdájí ni Bàṣírù àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ebè. Nígbà tí wọ́n kọ èyí tó kẹ́yìn, wọ́n ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan tí òkúta pọ̀ sí, ebè mẹ́ta ti wó, agbára ò sì sí lápá ẹnikẹ́ni mọ́.

"Irinwó la kọ," ọ̀rẹ́ rẹ̀ Àjàní wí. "Ta ló máa wá kà á?"

Àlàájì dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, Fàdílà tẹ̀ lé e, ó gbé omi lọ́wọ́. "Ó pé?"

"Ó dín mẹ́ta, Bàbá," Bàṣírù wí. "Irinwó la kọ, mẹ́ta wó. N kò kà wọ́n."

Àlàájì gbé ọ̀pá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun oko, ó ń fi ọ̀pá kan ebè kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè. Gbogbo wọn dúró. Omi ń kán sílẹ̀ láti inú igbá tí Fàdílà gbé, kò mọ̀. Nígbà tí Àlàájì padà dé, ó gbára lé ọ̀pá.

"Irinwó dín mẹ́ta. Ta ló kọ́ ọ láti máa kà báyìí?"

"Ọmọ yín ni, Bàbá."

Àlàájì Mùhámmádù wo ọmọ rẹ̀, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ti ru iṣu fún ọdún púpọ̀ nítorí ìwé ọmọ yìí, kò sì tíì mọ ohun tí ìwé náà jẹ́ títí di ọjọ́ òní. "Bàṣírù, lọ sọ fún bàbá rẹ kó gbé obì wá," ó wí.

Ìwé dé láti Sokodé ní oṣù kìn-ín-ní, méjì pọ̀: ọ̀kan fún afárá, ọ̀kan fún Fàdílà, iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Àlàsàn fọwọ́ sí méjèèjì.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n so yìgì, Aláasà sì kún dé etí. Orí afárá tuntun ni àwọn àlejò Sokodé gbà wá. Jàríátù dá nìkan rìn débẹ̀ ní àárọ̀, ó dúró láàárín rẹ̀, ó wo omi tó ń lọ nísàlẹ̀, ó sì kọjá sí òdìkejì.

Nírọ̀lẹ́, Bàṣírù gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù. Nígbà tí wọ́n dé ìdí igi òrí, ó dúró.

"Níbo lẹ ti ń bọ̀?" ó bi í.

"Ilé bàbá mi."

"Kí lẹ rù?"

"Kò sí."

"Níbo lẹ ń lọ?"

Fàdílà gbé orí lé ẹ̀yìn rẹ̀. "Ilé wa, Àkànjí. Máa wà á lọ."